Òwúrọ̀ Kan ní Ahmedabad, Ìlú Aláṣọ

(Ọ̀rọ̀ tí àwọn aṣojú wa sọ ní ìpàdé ẹ̀ka)

Ìròyìn ìpàdé tí ẹ rán àwa mẹ́ta lọ ní ilẹ̀ Íńdíà ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó lọ bá a gbà á. Ohun tí alága ní kí a wá sọ lónìí ni ti ààbọ̀ ọjọ́ tí a fi rìn wo ìlú Ahmedabad kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn wa pé fàájì la bá lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò bí wa nínú. Owó ẹgbẹ́, owó yín ni. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bi wá ní ohun tí a rí. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná, kí ẹ wá fi ẹnu ara yín sọ bóyá fàájì ni.

Ahmedabad wà ní ìpínlẹ̀ Gujarat, ní apá ìwọ̀ oòrùn Íńdíà, létí odò Sabarmati. Ọba kan tó ń jẹ́ Ahmad Shah ló tẹ ìlú náà dó ní 1411, orúkọ rẹ̀ sì ni ìlú ń jẹ́ títí dòní. Ní 2017, àjọ UNESCO kọ orúkọ ìlú àtijọ́ náà mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé jọ jogún. Òun ni ìlú àkọ́kọ́ ní Íńdíà tí wọ́n fún ní irú iyì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òkìkí mìíràn wà tó kan àwa òṣìṣẹ́. Ní 1861 ni ilé iṣẹ́ òwú àkọ́kọ́ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ranchhodlal Chhotalal ló dá a sílẹ̀. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ aṣọ pọ̀ níbẹ̀ débi pé wọ́n ń pe ìlú náà ní Manchester ti Íńdíà, nítorí Manchester ni olórí ìlú aláṣọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà yẹn.

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú ló ṣètò ìrìn náà, láti 1997 ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, àárọ̀ ni kí ẹ ti wà ní ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì Swaminarayan ní àdúgbò Kalupur. Amọ̀nà yóò kó yín jọ, yóò sọ ìtàn díẹ̀ fún yín, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ ni. Kò sí mọ́tò tó lè gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà yẹn. Láti tẹ́ńpìlì, ẹ ó máa rìn títí ẹ ó fi dé mọ́sálásí ńlá tí wọ́n ń pè ní Jama Masjid. Nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ ni. Àwa fi wákàtí mẹ́ta mìíràn kún un, nítorí pé ìbéèrè wa kò tán.

Ní 1822 ni wọ́n kọ́ tẹ́ńpìlì náà. Iṣẹ́ ọnà kún ara igi rẹ̀ látòkè délẹ̀: òdòdó, ẹyẹ, erin, ènìyàn. Wọ́n kun gbogbo rẹ̀ ní ọ̀dà aláràbarà. Igi tíìkì tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Burma ni. Amọ̀nà wa mọ orúkọ ẹni mímọ́ tó ní kí wọ́n kọ́ ọ, ó sì mọ ọdún tí wọ́n ṣí i. A bi í pé kí ni orúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbẹ́ igi náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ẹni tó bi òun ní ìyẹn rí. Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ìdáhùn yẹn sọ́kàn, nítorí gbogbo ohun tí a óò sọ yóò padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni a wọ inú ohun tí wọ́n ń pè ní pol. Bí agbo ilé wa ló rí. Ìloro kan ṣoṣo ni ẹ ó gbà wọlé, ilẹ̀kùn wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń tì lálẹ́ láyé ogun àti rògbòdìyàn. Ní inú rẹ̀, ilé súnmọ́ ilé débi pé ẹni tó wà lókè ilé kan lè na ọwọ́ gba iyọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wà lókè ilé kejì. Àwọn tó jọ ń ṣe ẹ̀sìn kan tàbí iṣẹ́ kan náà ló máa ń gbé pọ̀. A rí òpó gíga tí wọ́n kọ́ ilé kékeré sí lórí, tí wọ́n ń da ọkà sí fún àwọn ẹyẹ. A gbọ́ nípa àgbá omi tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ilé: omi òjò máa ń ṣàn láti orí òrùlé gba inú ọ̀pá wọ inú rẹ̀, oòrùn kì í sì í kàn án. Ní ìlú tí ooru ti ń mú tó bẹ́ẹ̀, omi yẹn ni wọ́n fi ń la ẹ̀ẹ̀rùn já.

A kọjá níbi tí wọ́n gbé ère akéwì kan sí, Dalpatram, ẹni tó kú ní 1898. Ó jókòó níwájú ibi tí ilé rẹ̀ wà bí ẹni tó ń retí àlejò. Lẹ́yìn náà a kan Manek Chowk. Ẹ̀yin ìyá tó ń tajà, ẹ̀ bá fẹ́ràn ibẹ̀. Ní ọ̀sán, àwọn tó ń ta wúrà àti fàdákà ló ni ilẹ̀ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn yẹn á ti ṣọ́ọ̀bù, àwọn olóúnjẹ á tẹ́ tábìlì, wọ́n á sì máa dáná títí òru. Ilẹ̀ kan náà ló ń bọ́ òṣìṣẹ́ oríṣìíríṣìí, kálukú pẹ̀lú wákàtí tirẹ̀. Ṣíìfù ni, ẹ̀yin ará. Ọjà náà mọ ṣíìfù.

Jama Masjid ni ìrìn náà parí sí. Ní 1424 ni wọ́n kọ́ ọ tán. Òpó 260 ló gbé òrùlé rẹ̀ dúró, ẹ lè fi ojú ṣìnà láàárín wọn bí ẹni wọ igbó. Ilé gogoro méjì ti wà níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìsẹ̀lẹ̀ 1819 wó wọn. Amọ̀nà wa fi ìka hàn wá lára àwọn òpó pé òdòdó àti agogo tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀ jọ ti inú tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù àti ti Jain. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú kan náà ló ń kọ́ fún gbogbo ẹlẹ́sìn. Ọba lè yí padà, ẹ̀sìn ọba lè yí padà. Ọwọ́ tó ń gé òkúta kò yí padà.

Ìrìn ti ìgbìmọ̀ ìlú parí níbẹ̀, ṣùgbọ́n a bẹ amọ̀nà wa pé kó máa bá wa lọ, a sì dá owó jọ fún un nítorí wákàtí rẹ̀. A kò lè jẹ́ aṣojú òṣìṣẹ́ kí a sì mú ènìyàn ṣe ofataìmù lọ́fẹ̀ẹ́. Ó mú wa gba abẹ́ ẹnubodè olójú mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Teen Darwaza, ó sì mú wa dé mọ́sálásí kékeré kan tó jẹ́ ti Sidi Saiyyed, tí wọ́n kọ́ parí ní 1573. Ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ń pè ní Sidi ní Íńdíà ni àwọn tí ìran wọn wá láti ìlà oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹrú ni wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn dé, ọ̀pọ̀ wọn di ọmọ ogun, àwọn mìíràn sì di ìjòyè. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́ mọ́sálásí yìí. Ní ara fèrèsé rẹ̀, wọ́n gbẹ́ òkúta di igi tí ẹ̀ka rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba àárín ẹ̀ka wọlé. Òkúta ni o, ṣùgbọ́n bí aṣọ léèsì ló rí. Igi yẹn ti di àmì tí gbogbo ènìyàn fi ń mọ ìlú Ahmedabad. Inú wa dùn pé ọmọ Áfíríkà ni orúkọ rẹ̀ wà lórí iṣẹ́ tó gbayì jù ní ìlú tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. A sì tún béèrè, bí ìṣe wa, pé ta ló mú òòlù àti ààké gé òkúta náà. Amọ̀nà wa ti mọ̀ wá nígbà yẹn. Kó tó di pé a la ẹnu ló ti mi orí.

Ìgbà yẹn ni a wá bi í pé àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ dà. Ó ní wọn kò sí lójú ọ̀nà ìrìn. Ẹ̀yìn odi ìlú, ní apá ìlà oòrùn, ni wọ́n wà. Púpọ̀ ti wó, wọ́n sì ti ta ilẹ̀ àwọn kan. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní ahunṣọ ni bàbá òun. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wọn ti ìlẹ̀kùn, bàbá yìí kò rí gbogbo owó tó tọ́ sí i gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ ta ẹ̀fọ́ láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ̀yin ará, ọkùnrin yìí ti fi òwúrọ̀ kan sọ ìtàn ọba àti ọlọ́rọ̀ fún wa, ìtàn bàbá rẹ̀ kò sì sí nínú ohun tí wọ́n ní kó sọ.

A ní kó mú wa lọ síbi tí ìtàn yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ó sì mú wa sọdá odò lọ sí ọgbà Gandhi ní etí Sabarmati. Ibẹ̀ ni Gandhi gbé láti 1917 títí di 1930. Ibẹ̀ náà ló ti gbéra ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta 1930 pẹ̀lú àwọn ọmọlẹ́yìn 78, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ 24 lọ sí Dandi létí òkun láti lọ bu iyọ̀, kí wọ́n lè fi hàn pé òfin iyọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò tọ́. Ìyẹn ni gbogbo àlejò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìjà kan ṣáájú ti iyọ̀, ìjà àwọn ahunṣọ sì ni.

Ní 1917, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Ahmedabad. Kí àwọn ahunṣọ má bàa sá lọ, àwọn onílé-iṣẹ́ fi àjẹmọ́nú lé owó wọn. Nígbà tí àrùn lọ, wọ́n fẹ́ gba àjẹmọ́nú náà padà. Bẹ́ẹ̀ ogun àgbáyé kìíní ti mú kí gbogbo nǹkan wọ́n lọ́jà. Àwọn ahunṣọ ní kí wọ́n fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó àwọn; àwọn onílé-iṣẹ́ ní ìdá 20 ni. Gandhi wádìí owó ọjà àti èrè ilé iṣẹ́, ó ní ìdá 35 ló tọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì 1918, àwọn onílé-iṣẹ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ síta.

Ẹni tó ṣe olórí àwọn onílé-iṣẹ́ ni Ambalal Sarabhai. Ẹni tó dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ ni Anasuya Sarabhai, ọmọ ìyá Ambalal. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò! Àwọn òṣìṣẹ́ ń pe Anasuya ní Motaben, èyí tó túmọ̀ sí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pàdé lábẹ́ igi kan létí odò, wọ́n ń pín ìwé fún ara wọn. Wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní padà láìgba ìdá 35, àwọn kò ní lu ẹnikẹ́ni, àwọn kò sì ní tọrọ jẹ. Kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ, àwọn kan ń fi agbọ̀n ru yanrìn láti inú odò lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé nínú ọgbà Gandhi. Anasuya alára gbé agbọ̀n sórí, ó ṣáájú wọn.

Nígbà tó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ebi wọlé. Àwọn kan ń kùn pé Gandhi àti Anasuya ń gun mọ́tò, wọ́n ń jẹun yó, àwọn ló ń kú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti darí ìyanṣẹ́lódì rí mọ irú ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Gandhi, ó sì ní òun kò ní fi oúnjẹ kan ẹnu mọ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Ọjọ́ mẹ́ta ló gba ààwẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn: ọjọ́ kìíní, kí wọ́n san ìdá 35, kí ẹ̀jẹ́ òṣìṣẹ́ lè ṣẹ, ọjọ́ kejì, ìdá 20, kí ọ̀rọ̀ agbanisíṣẹ́ má bàa ṣubú, láti ọjọ́ kẹta, ìdá 27 ààbọ̀, títí onílàjà yóò fi dájọ́. Onílàjà dájọ́ tán, ìdá 35 náà ló fún wọn. Nínú ìjà yẹn ni wọ́n ti bí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ ní 1920, tí ó di ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó lágbára jù ní Íńdíà.

A ò bá dúró níbẹ̀ kí a pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ìtàn bàbá amọ̀nà wa kò jẹ́. Báwo ni ẹgbẹ́ tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ ṣe jókòó tí ilé iṣẹ́ fi tú? Ní àárín 1980 sí 2000, òṣìṣẹ́ tó ju 50,000 lọ ló pàdánù iṣẹ́ ní ìlú kan ṣoṣo yẹn. Ìdí rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀rọ ti gbó, àwọn olówó kò sì rà tuntun. Wọ́n kó èrè lọ síbòmíràn. Aṣọ ọ̀rá wọ ọjà. Èyí tó sì kàn wá jù ni pé iṣẹ́ ìhunṣọ kò parí ní Íńdíà. Ó kàn kúrò nínú ilé iṣẹ́ ńlá tí ẹgbẹ́ wà ni. Ó lọ sínú ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ díẹ̀ hunṣọ, tí owó kéré, tí wákàtí gùn, tí kò sì sí ẹgbẹ́ kankan. Ẹgbẹ́ ńlá ń ṣọ́ ẹnubodè iwájú, iṣẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Obìnrin kan ti rí ẹ̀yìnkùlé yẹn ṣáájú. Orúkọ rẹ̀ ni Ela Bhatt, agbẹjọ́rò nínú ẹgbẹ́ ńlá náà, òun ló ń darí ẹ̀ka àwọn obìnrin. Àwọn aláàárù obìnrin wá bá a pé àwọn oníṣòwò aṣọ ń rẹ́ àwọn jẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ: aláàárù, ẹlẹ́fọ̀ọ́, àwọn tó ń ránṣọ nílé, àwọn tó ń ṣa pépà lójú títì. Ní 1972 wọ́n dá SEWA sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní kò ṣeé ṣe, wọ́n ní ta ni agbanisíṣẹ́ wọn, ta ni wọn yóò bá jà. Ó dá wọn lóhùn pé kí òṣìṣẹ́ lè wà ní ìṣọ̀kan ni ẹgbẹ́ wà fún, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí wọn yóò bá jà. Wọ́n gbà nígbẹ̀yìn. Ní 1974, obìnrin 4,000 dá rúpìì mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n fi dá báńkì tiwọn sílẹ̀, nítorí pé olówó èlé ti ń jẹ wọ́n run. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ wé kọ. Fọ́tò ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀.

Ní 1981, ẹgbẹ́ ńlá lé SEWA jáde. Ẹ̀yin ará, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ńlá gbójú lé ń ti ìlẹ̀kùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. SEWA tí wọ́n lé jáde ń pọ̀ sí i, ó ti ní ọmọ ẹgbẹ́ tó ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ela Bhatt fi ayé sílẹ̀ ní 2022, ṣùgbọ́n ilé ẹgbẹ́ náà wà ní àdúgbò Bhadra láàárín ìlú, kò jìnnà sí mọ́sálásí Sidi Saiyyed. A rí àwọn obìnrin níbẹ̀ tí wọ́n ń wọlé tí wọ́n ń jáde bí ẹni tó ni ilé.

A kò sọ pé bí ẹgbẹ́ ńlá bá ti gba gbogbo ènìyàn mọ́ra ni ilé iṣẹ́ ìbá ṣí títí dòní. Ohun tí a sọ ni pé nígbà tí iṣẹ́ sá lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò ní ẹgbẹ́, kò sí ẹni tó lè sá tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin náà mọ iye ilé iṣẹ́ aṣọ tó ti ìlẹ̀kùn ní Kàdúná àti ní Ìkejà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, a óò dìbò lórí àwọn kásúà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí: ṣé kí a gbà wọ́n wọ ẹgbẹ́ tàbí kí a má gbà wọ́n. A ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ. Wọ́n ní kásúà kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, ta ni a óò bá ṣe àdéhùn lórí wọn? Ẹ gbọ́ ìbéèrè yẹn dáadáa. Òun ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bi Ela Bhatt. Wọ́n ní owó kásúà kéré, kò ní lè san owó ẹgbẹ́. Rúpìì mẹ́wàá ni wọ́n fi dá báńkì sílẹ̀ ní Ahmedabad. Wọ́n ní bí a bá gbà wọ́n, wọn yóò gba iṣẹ́ wa. Ẹni tí ebi ń pa níta ló ń gba iṣẹ́ ẹni tó wà nílé, ẹ̀yin ará, nítorí pé yóò gba owó tí ìwọ kò ní gbà. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín, kí ọjọ́ ìbò tó dé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yín lọ sí ilé ìkẹ́rùsí, kó béèrè orúkọ kásúà kan ṣoṣo, kó sì béèrè iye ọdún tó ti fi ṣe kásúà. Ẹ mú orúkọ náà wá sí ìpàdé. Bí a bá ka àwọn orúkọ yẹn tán, ẹ wá nawọ́ sókè bí ọkàn yín bá ṣe ní kí ẹ ṣe.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.